Ìwé Tí A Kò Tíì Kà Tán: Ṣé A Lẹ́nu Ọ̀rọ̀ Lórí Rẹ̀?

Ìbéèrè: Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àwa mẹ́sàn-án kan la máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi nítòsí Òkè-Ajé ní Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù, kí kálukú lè sọ ìwé tó ń kà lọ́wọ́ àti ohun tó rò nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í tọ́jọ́. Ẹnì kan á ní tòun dùn gan-an, ẹnì kejì á ní tòun kò dùn, ẹnì kẹta á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bàbá kan tí wọ́n jẹ́ àgbà fún gbogbo wa sọ pé ẹni tí kò bá tíì ka ìwé tán kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ inú wa ti panu mọ́. Ẹnì kan tún wà tó jẹ́ pé etí ló fi ń gbọ́ ìwé tirẹ̀ lórí fóònù bó bá ń dáná, àwọn kan sì ní ìyẹn kì í ṣe ìwé kíkà. Ṣé ká kúkú yan ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo wa á jọ máa kà ni? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, Ìyáàfin, ẹ sì kú àbójútó àwọn èèyàn yín. Kí ènìyàn mẹ́sàn-án jókòó nítorí ìwé lọ́jọ́ Sátidé, nílùú tí òde ìnáwó pọ̀ tó ti Ìjẹ̀bú-Òde, ohun ńlá ni. Ohun tó ń yọ yín lẹ́nu ní àtúnṣe, kò sì le tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló pa àwọn ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tó wà láàárín ìwé kò lè sọ bóyá òǹkọ̀wé parí rẹ̀ dáadáa, kò sì lè dájọ́ ẹ̀dá ìtàn kan pátápátá. Ṣùgbọ́n ká ní ẹnì kan wọkọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ń lọ sí Ìbàdàn, ó sì ti dé Mámù. Bí ẹ bá pè é pé báwo lọ̀nà ṣe rí, ṣé ẹ ó ní kó má fèsì títí yóò fi wọ Ìbàdàn? Ó ti rí ọ̀nà láti Òde dé Orù, ó ti rí i láti Orù dé Mámù. Kó sọ èyí tó rí. Kó ṣáà má bá wa sọ ti Ìdí-Ayùnrẹ́ tí kò tíì dé. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ìwé rí láàárín yín: kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tó kà dé, kí ẹnu rẹ̀ má sì kọjá ibẹ̀.

Èmi gbà pé èrò ẹni tó ṣì ń kàwé lọ́wọ́ ní iyì kan tí ti ẹni tó ti kà á tán kò ní. Ẹni tó ti mọ òpin ìtàn, òpin náà ló fi ń wo gbogbo ohun tó ṣáájú. Ó ti gbàgbé pé òun fura sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ti gbàgbé pé orí kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ sú òun, tàbí pé òun fẹ́ràn ọkùnrin kan tí òun wá kórìíra nígbẹ̀yìn. Ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé wà: bó ṣe mú wa fura, bó ṣe mú wa fẹ́ràn ẹni tí kò yẹ, bó ṣe fi wá sínú òkùnkùn fún ìgbà pípẹ́ kó tó tanná. Bí ẹ bá dúró dìgbà tí kálukú bá kàwé tán, gbogbo ìyẹn ti ṣí lọ kí ẹ tó pàdé.

Kì í sì í ṣe àṣà tuntun. Láti 1929 wọ 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀ bíi pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ lẹ́tà láti orí ibùsùn àìsàn, tó ń ròyìn ayé tó ti jẹ sẹ́yìn. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé kò mọ ibi tí ìtàn náà ń lọ, síbẹ̀ wọn kò dúró kó parí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé obìnrin náà wà lóòótọ́. Ìtàn tí àwọn onímọ̀ púpọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá nìyẹn o. Ó di ìwé ní 1930, nígbà tí àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ sẹ́yìn-sẹ́yìn. Àwọn tó kọ́kọ́ ka ìtàn àròsọ ní èdè wa, orí ìwé tí kò tíì parí ni wọ́n ti ń jiyàn.

Ẹ tún wo Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938. Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, kò sọ ọ́ tán ní ìjókòó kan. Ó ń sọ ọ́, ó ń dá a dúró, ó ń lọ, ó ń padà wá lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń wá gbọ́ ọ sì ń pọ̀ sí i. Kí lẹ rò pé àwọn èèyàn yẹn ń bá ara wọn sọ lálẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́?

Ìwé yẹn náà dára láti fi ṣàlàyé ohun tí mò ń wí. Ẹni tó ń ka ìrìn-àjò àkọ́kọ́ Àkàrà-ògùn lè sọ pé ìtàn akọni kan ṣoṣo ni: òun, ìbọn rẹ̀, oògùn rẹ̀, àti àwọn iwin inú igbó. Ẹni tó ti dé ibi tí ọba ti rán an lọ sí Òkè Láńgbòdó, tí Kákò, Ìmọ̀dóyè, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù ti di ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, á ní rárá o, ìtàn ẹgbẹ́ ni, ìtàn bí ẹbùn kálukú ṣe ń wúlò nígbà tí ti ẹnì kejì bá dópin. Ẹni tó wà lọ́dọ̀ Ìrágbèje, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́ fún odidi ọjọ́ méje, lè ní ìwàásù ti pọ̀ jù nínú ìwé náà. Mo mọ àwọn tó máa ń fo ibẹ̀. Ní tèmi, ibi Ìrágbèje ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni Fágúnwà ti bọ́ aṣọ ọdẹ, tó wá bá wa sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ tó jẹ́ gan-an. Ẹ rí i pé èrò mẹ́ta wà níbẹ̀ lórí ìwé kan, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé ní ṣọ́ọ̀bù yín láìsọ ibi tí wọ́n kà dé, ìjà lásán ni wọn yóò jà. Bí wọ́n bá sọ ọ́, kálukú á mọ ohun tó ń dúró de òun níwájú àti ohun tí òun ti gbàgbé lẹ́yìn.

Ó wá kan "ó dùn" àti "kò dùn". Ẹ má bá àwọn tó ń sọ ọ́ jà, nítorí òótọ́ inú wọn ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìdájọ́ ti dé, ẹlẹ́rìí kò sí. Òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe fún ìpàdé yín: kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ gbé ìwé náà dání wá, kó ṣí i sí ojú ìwé kan tó ti sàmì sí láti ilé, kó sì ka ìlà mẹ́ta sí mẹ́wàá sókè kó tó sọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, kó sọ ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ ló mú, kò jẹ́ ibòmíràn. Bí kò bá tilẹ̀ mọ ìdí rẹ̀, kó kà á. Ẹ̀yin tó kù á bá a wá a.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe máa ń rí. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yín ń ka Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1974, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù. Ó ní, "Ìwé yìí dùn, àmọ́ Àjàní ń bí mi nínú." Bí ìpàdé yín ṣe rí báyìí, ẹ ó ní "o ṣeun", ẹ ó bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ bi í pé, "Ibo ló ti kọ́kọ́ bí ẹ nínú?" Á dákẹ́ díẹ̀, á máa ṣí ìwé síwá sẹ́yìn, á wá rí ibi tí Àjàní ti ń fi ẹnu dídùn bá ọmọbìnrin kan sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò dúró sójú kan. Á kà á sókè. Bó bá ti ń kà á, ẹ ó gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń le sí i, nítorí ìbínú náà ṣì gbóná. Ẹnì kan nínú yín á wá ní, "Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi pé kó mú ìyàwó wálé, ṣé ìyẹn kò sí níbẹ̀?" Àwọn ìyá tó wà láàárín yín á dá sí i, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ti bá ọmọkùnrin tiwọn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó mọ̀, ẹ ti kúrò lórí "ó dùn". Ọ̀rọ̀ ti di bóyá ẹ̀bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiyèméjì pọ̀ ju ti ìyá tó ń lé e léré lọ. Ìlà bíi mélòó kan nínú ìwé ló bí gbogbo rẹ̀, ẹni tó sì mú un wá kò tíì kàwé dé ìdajì.

Ẹ kíyè sí i pé ọmọbìnrin náà kò mẹ́nu ba àhunpọ̀ ìtàn, ibùdó ìtàn tàbí ìfìwàwẹ̀dá. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún WAEC àti fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, èmi náà fi wọ́n kọ́ni fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tipẹ́, bó bá gbọ́ wọn, àyà rẹ̀ á já, á rò pé ìdánwò ti tún dé. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ sí kíláàsì. Ìbéèrè tí ẹni tó ń ránṣọ tàbí tó ń wakọ̀ lè dáhùn ni kí ẹ máa bi ara yín. Ta ni o kò fọkàn tán nínú ìtàn yìí? Ibo lo ti gbé ìwé sílẹ̀ kó o lè ronú? Ibo lo ti fẹ́ gbé e sọ nù? Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni: kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ibi tó o dé yìí? Kí akọ̀wé yín kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú mọ ìwé ìpàdé kọ dáadáa. Kò sí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, tí kò ní akọ̀wé tó mọṣẹ́. Ní oṣù kejì, kí akọ̀wé ka àsọtẹ́lẹ̀ náà jáde, kí ẹni tó sọ ọ́ wá sọ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí òǹkọ̀wé ṣe tó fi ṣì í lọ́nà. Ẹ̀kọ́ tí ẹ ó rí kọ́ níbẹ̀ lórí bí a ṣe ń hun ìtàn ju ohun tí n bá kọ sínú pátákó lọ.

Ní ti ẹni tó ń ro ìtàn dópin, àwọn ìwé kò rí bákan náà. Àwọn ìwé kan wà tí ríro òpin wọn kò pa wọ́n lára. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Ògbójú Ọdẹ la ti mọ̀ pé Àkàrà-ògùn kò kú sínú igbó, ṣebí òun ló jókòó tó ń sọ ìtàn náà fún ẹni tó ń kọ ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ la ti mọ̀ pé orí ibùsùn àìsàn ni Sẹ̀gilọlá wà. Bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ là ń kà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú Àjà Ló Lẹrù, ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1969. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ń tọpa àwọn ọ̀daràn níbẹ̀, òǹkàwé sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn pẹ̀lú ìfòyà. Ẹni tó bá sọ ibi tí gbogbo rẹ̀ já sí fún ẹni tó wà ní orí kejì ti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ro ìtàn kọ́kọ́ béèrè: "Ta ló fẹ́ ka ìwé yìí nínú wa?" Bí ọwọ́ ẹnì kan bá wà lókè, kó dúró níbi tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìdajì. Bí kò bá sí, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó tó.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ṣì kù, òun ló sì ká mi lára jù. Ẹ̀kọ́ ilé kò gbà kí ọmọdé wo ojú àgbà kó ní "ohun tí ẹ sọ kò rí bẹ́ẹ̀", kò sì yẹ kó gbà á. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa, tó bá gbọ́ tí Bàbá ti sọ tiwọn, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di gbígbé mì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kéré jù máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí Bàbá máa gbẹ̀yìn. Àyípadà tí ẹ ó rí máa yà yín lẹ́nu. Ojú ìwé tí kálukú ṣí sílẹ̀ tún máa ràn yín lọ́wọ́ níbí. Bí ọ̀dọ́ kan bá fẹ́ sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti àgbà, kò ní láti ta ko àgbà. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lójú ìwé mọ́kànlélógójì mo rí ohun kan tó kọ mí lóminú," á sì kà á. Ìwé ló sọ ọ́. Bàbá lè bá ìwé jiyàn tó bá wù wọ́n, kò sí àfojúdi níbẹ̀.

Ẹ fún Bàbá náà ní iṣẹ́ tó yẹ wọ́n. Bí wọ́n bá ti ka ìwé kan tán, tí ọ̀dọ́ kan sì ṣì wà láàárín rẹ̀, ẹ bi wọ́n pé, "Nígbà tí ẹ̀yin náà wà níbi tí ọmọ yìí wà, kí lẹ rò?" Ìbéèrè yẹn bọlá fún àgbà, ó sì ń mú wọn rántí ohun tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n rí. Wọ́n lè sọ pé nígbà tí àwọn ka ìwé ọ̀hún lọ́mọ ogún ọdún, ẹ̀rín ni àwọn fi ibẹ̀ rín, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ orí tí àwọn wà yìí, àwọn kò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bí ẹ bá ń wá ìwé tó fi irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn, kò jìnnà sí yín. Wọlé Ṣóyínká kọ Ìsarà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde ní 1989, ó sì fi sọ ìtàn bàbá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, àwọn olùkọ́ ayé ìgbà tí òyìnbó ń ṣèjọba, tí okùn wọn so mọ́ Ìsarà-Rẹ́mọ. Àwọn ọkùnrin yìí ń kàwé, wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn láìdá ọ̀rẹ́ dúró. Lẹ́tà kan tún wà tó ń wá láti ọ̀dọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tí wọn kò rí sójú rí. N kò ní sọ bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe já sí. Ẹnì kan nínú yín tó gbọ́ òyìnbó dáadáa lè máa kà á, kó máa fi Yorùbá sọ fún àwọn tó kù bí ó ṣe ń lọ.

Kì í kúkú ṣe ìtàn àròsọ nìkan lẹ ó máa kà. Lágbègbè yín, bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á gbé ìwé tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ nípa ìgbésí ayé ara wọn wá, èyí tó jáde ní 1960. Ará Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n, ọmọ Rẹ́mọ, ọ̀pọ̀ ilé ló sì gbé àwòrán wọn kọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá ní ibì kan nínú ìwé náà kò wọ òun létí, ó lè dà bíi pé ó bú bàbá oníbàbá. Ẹ jẹ́ kí ojú ìwé ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ náà, kí ẹ sì wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Ní 1960, ẹni tó ń kọ̀wé yìí kò mọ̀ pé wọn yóò mú òun ní 1962, tàbí pé wọn yóò dá òun lẹ́bi ọ̀tẹ̀ síjọba ní 1963, tí òun yóò sì ṣẹ̀wọ̀n. Àwa tí à ń kà á lónìí mọ̀ ọ́n. Òǹkọ̀wé ló wà láàárín ìtàn, òǹkàwé ló mọ apá kan ohun tó ń bọ̀. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí wọ́n ń retí fún Nàìjíríà pẹ̀lú ojú yẹn, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ó rí bákan náà létí yín. Ẹni tí kò gbà pẹ̀lú Awólọ́wọ̀ àti ẹni tó fi gbogbo ara gbà pẹ̀lú wọn máa rí nǹkan sọ níbẹ̀, láìsí pé wọ́n dojú ìjà kọ ara wọn.

Ohun kékeré kan, ṣùgbọ́n ó ń da ẹgbẹ́ púpọ̀ láàmú. Bí ẹnì kan bá ní "ìwé yìí le", ẹ bi í léèrè ohun tó le níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, àkọtọ́ ni. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹ ń rí rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé, àkọtọ́ tó ṣáájú àtúnṣe 1974 ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n. Ẹ ó rí "aiye" níbi tí à ń kọ "ayé", "enia" níbi tí à ń kọ "ènìyàn", "nwọn" níbi tí à ń kọ "wọ́n". Ojú ọ̀dọ́ òde òní á máa kọsẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì rò pé ọgbọ́n inú ìwé ló ju ti òun lọ. Kí ẹnì kan tó ti mọ̀ ọ́n kà ka ojú ìwé méjì àkọ́kọ́ sókè fún un. Bí etí bá ti gbọ́ ọ, ojú á tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá pa ìwé tì, ẹ má dójú tì í. Kó sọ ojú ìwé tó ti dúró àti ohun tó lé e kúrò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá dúró sí ibì kan náà nínú ìwé kan, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu yín lórí òǹkọ̀wé náà nìyẹn.

Ẹni tó ń fi etí gbọ́ ìwé, ìwé ló ń kà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ ń rí ohun kan gbà tí ẹni tó ń fi ojú kà á lè máà rí: bí ẹni tó kà á bá mọ èdè, ó ń gbọ́ ìró ohùn, ó ń gbọ́ ibi tí òwe ti sinmi àti ibi tí oríkì ti ń sáré. Ohun tó ń pàdánù ni pé ọkàn rẹ̀ lè lọ sínú ọbẹ̀, kí ìwé máa lọ ní tirẹ̀, kò sì rọrùn fún un láti padà sẹ́yìn wá ibi tó sọnù. Nítorí náà, bí nǹkan kan bá mú un, kó dá a dúró, kó wo ìṣẹ́jú tó dé, kó kọ ọ́ sórí bébà tàbí sínú fóònù. Lọ́jọ́ ìpàdé, kó tan apá yẹn fún gbogbo yín gbọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kù ṣe ń ka ojú ìwé tiwọn sókè. Òfin kan náà ló de gbogbo yín.

Ó ku ìbéèrè yín bóyá kí ẹ yan ìwé kan ṣoṣo. Ní tèmi, kì í ṣe nísinsìnyí. Ìwé mẹ́sàn-án ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń jẹ́ kí ojú ẹnì kan wọ inú ìwé ẹlòmíràn; bí ọmọbìnrin yẹn bá ka ìlà rẹ̀ sókè tán, ẹnì kan á ní, "Bó o bá parí rẹ̀, gbé e fún mi." Báyìí ni ìwé ṣe ń rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́ láìsí pé ẹ ra ẹ̀dà mẹ́sàn-án. Bí ẹ bá fẹ́ jọ ka nǹkan kan, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù tí kò bọ́ sí àsìkò Iléyá, nítorí Ojúde Ọba á ti gba gbogbo yín lọ́kàn. Ẹ mú eré onítàn, kì í ṣe ìtàn àròsọ gígùn. Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970, á bá yín mu: ẹ̀dà mẹ́ta péré lè tó bí ẹ bá ń sún mọ́ra, kálukú á sì gba ipa tirẹ̀ kà. Ìyálóde Ìbàdàn ni Ẹfúnṣetán nínú eré náà, olówó, alágbára, tó fòfin de ìbímọ fún àwọn ẹrú rẹ̀. Ẹ má kà á tán ní ìjókòó kan. Ẹ dúró ní àárín, kí ẹni tó ń ka ipa Ẹfúnṣetán kọ́kọ́ sọ bóyá àánú obìnrin náà ṣe é dé ibi tí ẹ dé yẹn, kí ẹni tó ń ka ipa ẹrú sọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ pa ìwé dé, ó di oṣù tó ń bọ̀.